Dìsáínà tó fẹ́ ṣe Masters: ilẹ̀kùn wo ló fẹ́ fi ṣí?

Àbúrò mi kan tó ń ṣe gráfíìkì n'Íbàdàn fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp ní nǹkan bí aago mọ́kànlá alẹ́. Ohùn náà gùn tó ìṣẹ́jú méje, ṣùgbọ́n gbólóhùn kan ṣoṣo ni kókó rẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n lọ ṣe Masters ni àbí kí n jókòó ti iṣẹ́ mi?" Ó ti rí lẹ́tà ìgbaniwọlé gbà láti fásitì kan nílùú ọba. Bàbá rẹ̀ ti ń sọ̀rọ̀ ilẹ̀ tí wọ́n lè tà. Ìyá rẹ̀ ti ń pè é ní "ọmọ mi tó ń lọ London", bẹ́ẹ̀ ìlú tí fásitì náà wà jìnnà sí London bí Ìlọrin ṣe jìnnà sí Èkó.

Ó pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ ìbéèrè yìí. Ohun tó ń da àwọn ọmọ wa láàmú ni pé ìdáhùn méjì tí wọ́n ń gbọ́ kò bára wọn mu, bẹ́ẹ̀ òótọ́ ni méjèèjì. Ẹnìkan á ní ọwọ́ ló ń ṣe dìsáìnì, ìwé kọ́. Ẹlòmíì á ní láìsí dìgírì kejì, ibì kan wà tí o ò ní lè kọjá. Àwọn méjèèjì kò dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn kan náà ni. Ilẹ̀kùn kan wà tó ń béèrè ìwé, òmíràn wà tí kò bìkítà. Ẹni tí kò bá mọ èyí tó wà níwájú òun ni yóò lọ ra kọ́kọ́rọ́ olówó gọbọi fún ilẹ̀kùn tí wọn kò tì.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tú orúkọ àwọn ìwé náà palẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Nílùú ọba, MA tàbí MDes ni wọ́n sábà ń pè é, ọdún kan ni. Ní Amẹ́ríkà, MFA ló wọ́pọ̀ fún àwa tí à ń fọwọ́ ṣe nǹkan. Ọdún méjì sí mẹ́ta ni, inú sítúdíò lẹ ó wà jù, òun náà sì ni ìwé tí wọ́n kà sí òpin nínú iṣẹ́ yìí lọ́hùn-ún, débi pé ẹni tó ní in lè di ọ̀jọ̀gbọ́n láìní Ph.D. MSc lẹ ó sábà rí lára àwọn ẹ̀kọ́ tó fara mọ́ kọ̀ǹpútà, irú bíi ti bí èèyàn ṣe ń lo áàpù àti ẹ̀rọ. Nílé níbí, ohun yòówù kí wọ́n pè é, orí ìwé ni ọdún méjì rẹ̀ wà. Ẹni tó wà nínú rẹ̀ ní 2022, nígbà tí ASUU fi oṣù mẹ́jọ daṣẹ́ sílẹ̀, mọ bí ọdún méjì ṣe ń di mẹ́ta àtààbọ̀.

Ti ẹni tó jáde ní pólì tún yàtọ̀. Bó jẹ́ Yabatech, bó jẹ́ Auchi, bó jẹ́ Pólì Ìbàdàn, àwọn fásitì wa sábà máa ń ní kí ẹni tó ní HND kọ́kọ́ ṣe PGD ọdún kan kó tó lè wọ Masters. Ọ̀pọ̀ fásitì ìlú ọba kì í béèrè ìyẹn bí èsì HND náà bá dára tí iṣẹ́ ọwọ́ ẹni sì ń sọ̀rọ̀. Àwọn òyìnbó gba HND wa, àwa tí a ni ín ò gbà á. Ó máa ń bí mi nínú, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n fi ìyẹn sílẹ̀ lónìí.

Ilẹ̀kùn tó kọ́kọ́ ń wá sí ọkàn gbogbo èèyàn ni ti oníbàárà àti ti ọ̀gá tó ń gbani síṣẹ́. Níbẹ̀, dìgírì kejì fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣe nǹkan kan. Ìyá tó fẹ́ kí ẹ bá òun ṣe dìsáìnì sára ọ̀rá búrẹ́dì rẹ̀ kò ní bi yín ní fásitì tí ẹ lọ. Ohun tó máa sọ ni pé, "Jẹ́ kí n rí àwọn tó o ti ṣe." Ilé iṣẹ́ ìpolówó n'Ìkẹjà, àwọn ọmọ tó ń ṣe áàpù owó ní Yábàá, òyìnbó tó ń wá dìsáínà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, pọtifólíò, àkójọ iṣẹ́ tí ẹ ti ṣe, ni gbogbo wọn ń kọ́kọ́ ṣí. Bí iṣẹ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ kò bá mú wọn lójú, wọn ò ní dé ibi tí ẹ to ìwé ẹ̀rí yín sí.

Èmi alára ní Masters. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti lò lẹ́nu iṣẹ́ kí n tó lọ ṣe é. Oṣù kejì tí mo parí, mo gbé ìwé ìléwọ́ olójú-ewé mẹ́rìndínlógún kan lọ sí Ṣómólú, ẹ̀dà 2,000. Ẹni tó bá mọ Ṣómólú mọ bí ibẹ̀ ṣe rí: ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lọ́tùn-ún lósì, òórùn yíǹkì pẹ̀lú kẹrosíìnì, àwọn ọmọ tó gbé pépà rù tí wọ́n ń sá gba àárín ọkọ̀ kọjá. Ọ̀gbẹ́ni tó wà nídìí Heidelberg fa ìwé àkọ́kọ́ jáde, ó tẹ́ ẹ sábẹ́ iná, ó mú gíláàsì kékeré wọn yẹn lé ojú, ó wá pè mí. "Ẹ̀gbọ́n, dúdú yín yìí, mẹ́rin ni o." Mo ní báwo? Ó ní kí n wá wò ó. Àwọn lẹ́tà wẹ́wẹ́ tó yẹ kó wà lórí pléètì dúdú nìkan ti pín ara wọn sórí pléètì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ọ̀kan fún yíǹkì kọ̀ọ̀kan. RGB, àwọ̀ ojú kọ̀ǹpútà tí kì í ṣe ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ni mo fi ṣe iṣẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀, mi ò sì padà ṣe àtúnṣe sí dúdú rẹ̀. Tí pléètì kan bá fi bí ìbú irun orí yẹ̀ báyìí, lẹ́tà á ní òjìji, ẹni tó ń kà á á rò pé ojú òun ló ń ṣe bàìbàì. Wọ́n pa ẹ̀rọ. Mo sanwó pléètì tuntun.

Ọ̀gbẹ́ni yẹn ò lọ pólì. Ó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀, ó ṣe fírídọ̀mù, ìdí ẹ̀rọ ló wà látìgbà náà. Kò sí ohun kan nínú gbogbo ohun tí mo kà ní Masters tó lè gba pépà yẹn là, torí wọn kì í kọ́ èèyàn nírú ẹ̀ níbẹ̀. Àwọn èèyàn rò pé Masters ni ìpele kejì ìkọ́ṣẹ́, pé ibẹ̀ ni wọn á ti wá kọ́ àwọn áàpù dìsáìnì bíi Illustrator àti Figma dójú àmì. Rárá o. Wọ́n gbà pé ẹ ti mọ ìyẹn kẹ́ ẹ tó dé. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n á ní kí ẹ lẹ iṣẹ́ yín mọ́ ògiri, èèyàn bíi mẹ́wàá á tò síwájú rẹ̀, wọ́n á sì máa bi yín pé "Kí nìdí?" títí ẹkún á fi fẹ́ bọ́. Kí nìdí tó fi jẹ́ àwọ̀ yìí? Ta lo ṣe é fún? Báwo lo ṣe mọ̀ pé ó yé e? Ìgbà kẹta tí wọ́n gbé mi sáàárín báyìí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá rí i pé ìdáhùn kan ṣoṣo tí mo ti ń gbé kiri fún ọdún mọ́kànlá ni "ó ṣáà rẹwà bẹ́ẹ̀." Ohun tí mo fi owó mi rà nìyẹn, mi ò kábàámọ̀ ẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò lè parọ́ fún yín pé oníbàárà kankan ti tìtorí ìwé náà fi kọ́bọ̀ lé owó mi.

Àwọn tó ń sọ pé ìwé ò wúlò máa ń ka orúkọ. Lemi Ghariokwu kọ́ ara rẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ òun ló ya àpò rẹ́kọ́ọ̀dù 26 fún Fẹlá. Inú ilé, lọ́wọ́ ìyá tó bí ìyá àgbà rẹ̀, ni Màmá Nike Okundaye ti kọ́ àdìrẹ kó tó di pé gbogbo ayé ń wá sí gálárì rẹ̀ ní Lẹ́kí. Demas Nwoko, tó yàwòrán ilé ìjọsìn àwọn Dominican n'Íbàdàn, iṣẹ́ ọnà ló kà ní Zaria, kò kàwé àyàwòrán-ilé, síbẹ̀ ìfihàn iṣẹ́ àyàwòrán-ilé ti Venice fún un ní ẹ̀bùn Golden Lion fún iṣẹ́ ìgbésí ayé rẹ̀ lọ́dún 2023. Yinka Ilori ní London, dìgírì àkọ́kọ́ nínú iṣẹ́ àga àti ohun èlò ló ní, £3,500 tó yá lọ́wọ́ Prince's Trust, àjọ tó ń ran àwọn ọ̀dọ́ lọ́wọ́, ló sì fi dá tirẹ̀ sílẹ̀.

Òótọ́ ni gbogbo ẹ̀. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra fún irú àkọsílẹ̀ yìí. Àwọn tó yọ là ń dárúkọ. Àwọn tí kò kàwé tí wọn ò sì yọ, ta ló mọ orúkọ wọn? Ẹ tún wo Nifemi Marcus-Bello l'Ékòó. Ó kàwé dìsáìnì ohun èlò títí dé Masters ní Leeds, ṣùgbọ́n látìgbà tó ti wà lọ́mọdé ló ti ń kọ́ iṣẹ́ jíjó irin lọ́dọ̀ wẹ́dà. Nígbà tó fẹ́ ṣe àpótí ìjókòó tó sọ ọ́ di ẹni tí ayé mọ̀, ibi tí wọ́n ti ń ṣe páànù tí wọ́n fi ń bo jẹnẹrétọ̀ ló gbé e lọ. Ìwé àti wẹ́dà, ta ló máa sọ fún wa èyí tó ṣiṣẹ́ jù nínú méjèèjì?

Ilẹ̀kùn olùkọ́ ò le láti ṣàlàyé. Fásitì Nàìjíríà ń béèrè Masters kí èèyàn tó di Assistant Lecturer, Ph.D. ló sì ń gbé e kọjá ibẹ̀. Ẹ rántí MFA tó jẹ́ òpin ìwé ní Amẹ́ríkà? Ẹ gbé e dé ilé, wọ́n á ṣì béèrè Ph.D. lọ́wọ́ yín. Bó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ máa kọ́ni ni, ẹ lọ ṣe Masters. Ọ̀rọ̀ parí.

Ilẹ̀kùn tí ẹnikẹ́ni kì í fẹ́ fẹnu ara rẹ̀ dárúkọ ni jápà. Nígbà tí mo bi àbúrò mi pé ṣé ẹ̀kọ́ ló ń wá àbí ọ̀nà láti kúrò nílùú, ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, méjèèjì ni." Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ jápà ni, owó jápà ni ká pè é, ká sì fi ìwọ̀n jápà wọ̀n ọ́n.

Ẹ gbọ́ bí òfin ìlú ọba ṣe rí. Látoṣù keje 2021 ni ẹni tó bá parí Masters ti ń rí ọdún méjì gbà láti dúró wáṣẹ́. Ẹni tó bá béèrè fún un láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2027, oṣù méjìdínlógún ni yóò rí. Ẹ wá ṣírò ó: ẹni tó bá wọlé ní oṣù kẹsàn-án 2026, oṣù méjìdínlógún yìí ló máa bá pàdé nígbà tó bá parí. Láti ìbẹ̀rẹ̀ 2024, ẹni tó ń ṣe Masters oníkíláàsì, èyí tí kì í ṣe ti ìwádìí, kò lè mú ìyàwó, ọkọ tàbí ọmọ dání mọ́. Bí àkókò náà bá parí tí ẹ sì fẹ́ dúró, ó di dandan kí ẹ rí ilé iṣẹ́ tó máa gbé físà òṣìṣẹ́ fún yín, iye owó oṣù tí ìjọba gbé kalẹ̀ fún ìyẹn láti oṣù keje 2025 sì jẹ́ £41,700 lọ́dún. Wọ́n fojú àánú wo ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, £33,400 ni tirẹ̀.

Iye yìí gan-an ló ń dá àwọn dìsáínà dúró. Ẹni tó bá kàwé nọ́ọ̀sì ń lọ sẹ́nu iṣẹ́ tó ní àtẹ owó tirẹ̀. Dìsáínà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ sítúdíò kékeré kan kì í sábà gba owó tó tó iye yẹn, ọ̀gá sítúdíò elénìyàn mẹ́rin kì í sì í sábà ní ìwé àṣẹ láti gbé físà fún ẹnikẹ́ni. Àwọn tó ń ṣe áàpù fún báǹkì, fún ilé iṣẹ́ ńláńlá, ni owó wọn ń débẹ̀. Nítorí náà, bó bá jẹ́ torí ìlú ọba ni, irú dìsáìnì tí ẹ fẹ́ kà ṣe pàtàkì ju orúkọ fásitì lọ. Físà kan tún wà, Global Talent, tí kì í béèrè dìgírì rárá. Iṣẹ́ tí ẹ ti ṣe àti àwọn tó lè jẹ́rìí sí i ni wọ́n ń wò níbẹ̀. Mo mọ èèyàn tó fi ọdún méjì kó ẹ̀rí jọ fún un láti inú yàrá rẹ̀.

Ti Kánádà rọrùn láti kà lórí ìka. Lórí àtẹ Express Entry, tí ìjọba wọn fi ń yan àwọn tó fẹ́ wá gbé ibẹ̀, ẹni tí kò ní ọkọ tàbí aya ń gba máàkì 120 fún dìgírì àkọ́kọ́, 135 fún Masters. Ìyàtọ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nìyẹn, kò sì sí ohun tó ní dandan kó jẹ́ òkè òkun lẹ ti kà á. Masters UNILAG tàbí ti Ifẹ̀ ń ṣiṣẹ́ náà bí àwọn tó ń yẹ ìwé wò bá ti kà á sí irú kan náà pẹ̀lú tiwọn. Ní Jámánì, ọ̀pọ̀ fásitì ìjọba kì í gba owó ilé ìwé lọ́wọ́ àjèjì, àyàfi ibi bíi Baden-Württemberg tó ń gba €1,500 fún sáà kan. Wọ́n á sì ní kí ẹ fi €11,904 pamọ́ sí àkáǹtì, kí wọ́n máa yọ ọ́ fún yín lóṣooṣù. Owó yín náà ni ẹ ó máa jẹ. Ibi tó ti ń le ni èdè, torí ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́ dìsáìnì wọn, Jámánì ni wọ́n fi ń kọ́ ọ.

Ó ku ilẹ̀kùn kan tí mo fẹ́ràn jù, tí àwọn èèyàn kì í sì sọ̀rọ̀ rẹ̀: ti ẹni tó fẹ́ kúrò nídìí irú dìsáìnì kan bọ́ sídìí òmíràn tí kò sí ẹni tó lè kọ́ ọ nítòsí. Ẹ mú ìwé Yorùbá kan tí wọ́n tẹ̀ ládùúgbò yín, kẹ́ ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ dáadáa. Ẹ ó rí ibi tí àmì ohùn ti fò kúrò lórí lẹ́tà lọ dúró sáàárín òfúrufú, ibi tí àmì sàlẹ̀ ti gun ìlà ìsàlẹ̀, ibi tí wọ́n ti fi kọ́mà rọ́pò rẹ̀ pátápátá. Kì í ṣe ìwà ọ̀lẹ nìkan. Nínú Unicode, àtẹ lẹ́tà tí àwọn kọ̀ǹpútà ń lò, ẹ wà fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ́ àti ọ̀ kò ní ààyè tiwọn. Lẹ́tà àti àmì ohùn ni kọ̀ǹpútà ń so pọ̀, ẹni tó ṣe fọ́ǹtì náà ló sì gbọ́dọ̀ ti fi ibi tí àmì máa dúró sí hàn án. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, àmì á máa rìn kiri bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ ò sí nílé. Láti mọ irú iṣẹ́ yìí jinlẹ̀, ibi tí wọ́n ti ń kọ́ni ò pọ̀ láyé: Masters ti Reading nílùú ọba wà, ti The Hague ní Netherlands wà, pẹ̀lú ìwọ̀nba díẹ̀ sí i. Bí ọmọ kan bá sọ fún mi pé torí ìyẹn lòun ṣe fẹ́ lọ, èmi ni màá bá a wá ẹni tó máa ra ilẹ̀.

Owó wá ńkọ́? Èmi àti àbúrò mi ṣe é lórí fóònù. Owó ilé ìwé rẹ̀ jẹ́ £18,000, èyí tí kò le púpọ̀ bí a bá fi wé àwọn tó ń gba £30,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Owó jíjẹ mímu tí ó gbọ́dọ̀ fi hàn fún oṣù mẹ́sàn-án lẹ́yìn odi London, £1,171 lóṣù kan, jẹ́ £10,539, ó sì gbọ́dọ̀ wà nínú àkáǹtì fún ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n láìyẹ̀. Owó físà jẹ́ £524 ní 2025. Owó ìlera jẹ́ £1,164. Àpapọ̀ £30,227, a ò tíì ra tíkẹ́ẹ̀tì. Bí a bá ka pọ́n-ùn kan sí ₦2,000, ó lé ní mílíọ̀nù ọgọ́ta náírà. Kí náírà tó já ní oṣù kẹfà 2023, iye pọ́n-ùn yìí kan náà kò tó mílíọ̀nù méjìdínlógún lójú owó ìjọba. Ìmọ̀ràn tí ẹ̀gbọ́n yín ń gbà yín láti ọdún 2019 kò burú nígbà yẹn. Ìṣirò ẹ̀ ló ti yí padà.

Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún àwọn èèyàn pé bí a bá lè fi sùúrù dúró de owó ẹlòmíràn, ká dúró. Chevening, ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ ìjọba ìlú ọba, ń san gbogbo rẹ̀ fún Masters ọdún kan, ó sì ń béèrè wákàtí 2,800 lẹ́nu iṣẹ́, èyí tó jẹ́ bí ọdún méjì, pẹ̀lú àdéhùn pé ẹ máa padà sílé fún ọdún méjì. Ẹni tó jẹ́ jápà ló ń lé, ti Chevening ò bá a mu nìyẹn. Àwọn fásitì ìjọba kan ní Amẹ́ríkà sì ń yọ owó ilé ìwé fún ọmọ MFA tó bá ń bá wọn kọ́ àwọn ọmọ ọdún kìíní. Ìwọ̀nyí kì í ṣe ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ aṣọ àgùnbánirọ̀. Àìtètè lọ náà ní àǹfààní tirẹ̀: ẹni tó ti ṣiṣẹ́ ní ìbéèrè tó fẹ́ gbé lọ síbẹ̀, ẹni tí kò tíì ṣiṣẹ́ á fi ọdún kan wá ìbéèrè.

Iṣẹ́ àṣetiléwá tí mo fún àbúrò mi nìyí. Kó wá ìkéde iṣẹ́ ogún tó wù ú gan-an, iṣẹ́ tó fẹ́ máa ṣe ní ọdún márùn-ún sí i, kó fàlà sábẹ́ ohun tí wọ́n béèrè. Kó tún wá mẹ́wàá nínú àwọn tó jáde nínú kíláàsì tó fẹ́ wọ̀ yẹn lọ́dún méjì sẹ́yìn lórí LinkedIn, kó wo ohun tí wọ́n ń ṣe báyìí. Mo ní kó kọ̀wé sí méjì nínú wọn, kó bi wọ́n ní iṣẹ́ tí wọ́n fi ń jẹun.

Ó pè mí lọ́jọ́ Sátidé. Ó ti rí mẹ́rìndínlógún nínú ìkéde ogún náà. Méjì péré ló béèrè Masters, olùkọ́ sì ni àwọn méjèèjì ń wá. Ẹnìkan tó kọ̀wé sí dá a lóhùn pé iṣẹ́ tí òun ń ṣe báyìí kì í ṣe dìsáìnì, kó má bínú. Ó ti kọ̀wé sí fásitì pé kí wọ́n sún ìwọlé òun sí ọdún tó ń bọ̀, wọ́n sì gbà. Ìyá rẹ̀ ṣì ń pè é ní ọmọ mi tó ń lọ London.